Ọwọ́ Tó Ń Tún Ògiri Mọ: Ìtàn Ilé Alámọ̀ Nílẹ̀ Yorùbá

Ní 1830, nígbà tí arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Lander, àti àbúrò rẹ̀ John dé Ọ̀yọ́-Ilé, odi ìlú náà ti ń ya lulẹ̀. Ìwé ìrìn-àjò wọn jẹ́rìí sí i pé wọ́n ti pa odi náà tì, ó sì ti ń di òkìtì erùpẹ̀. Bẹ́ẹ̀ olú ìlú ìjọba tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ba ìlú púpọ̀ títí dé Dàhòmì ni ibẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ odi náà kò yí padà. Òjò tó ń pa á nígbà ayé àwọn Aláàfin alágbára kò kéré sí èyí tó ń pa á lọ́dún tí àwọn àlejò wọ̀nyí dé. Ohun tó yí padà ni pé àwọn tó yẹ kó wá tún un mọ kò gbọ́ àṣẹ Aláàfin mọ́. Àfọ̀njá, olórí ogun Aláàfin, ti ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ti ń dá dúró, ogun sì ti fọ́n ènìyàn ká. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìbẹ̀wò náà tí ìlú fi tú pátápátá.

Mo fi odi Ọ̀yọ́-Ilé ṣáájú nítorí pé ó sọ ohun kan tí a kì í sábà gbọ́ nínú ìtàn ilé kíkọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Bí a bá béèrè ìdí tí ilé alámọ̀ fi di ohun àtijọ́, èsì tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ni pé amọ̀ kò lágbára, sìmẹ́ńtì lágbára, ohun tó sàn ló sì lé èyí tí kò sàn lọ. Lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn tí ọ̀rọ̀ ayé tó ń gbóná ká lára ti dojú èsì náà dé: wọ́n ní amọ̀ ló dára, sìmẹ́ńtì ló ń ba ayé jẹ́, ẹ jẹ́ ká padà sídìí amọ̀. Ohun tí a fi mọ ògiri nìkan ni apá méjèèjì ń wò. Lójú tèmi, ilé alámọ̀ jẹ́ àdéhùn láàárín amọ̀ àti ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí àṣà so mọ́ ọn: ọwọ́ tó mọ ọ́n, ọwọ́ tó bò ó, ọwọ́ tó ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Àdéhùn náà ló kọ́kọ́ já, kí amọ̀ tó di ohun ìtìjú. Ẹni tó bá sì fẹ́ mú amọ̀ padà láìmọ ibi tí àdéhùn náà ti já yóò kọ́ ilé tí kò ní pẹ́ di àlàpà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ilé mímọ, nítorí pé ògiri tutù ń rí àyè gbẹ nígbà náà, iṣẹ́ oko sì dínkù. Ibi tí wọ́n fẹ́ mọlé sí tàbí ìtòsí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wa ilẹ̀pa. Wọ́n á bu omi sí i, àwọn ọ̀dọ́ á fi ẹsẹ̀ gún un títí tí yóò fi kúnná tí yóò sì máa fà, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó sùn, wọ́n á tún un gún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa ṣù ú ní ìṣù ìṣù, tí wọ́n á máa jù ú sókè sí ọ̀mọlé. Ìpele kan kì í ga ju orúnkún lọ. Ọ̀mọlé tó gbọ́n kì í kánjú gbé ìpele kejì lé e. Yóò dúró kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ débi tó lè gbẹ́rù, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó gbẹ débi tí tòkè kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ìpele bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń di ògiri, tí gíga rẹ̀ kì í sábà ju ibi tí ọwọ́ ọkùnrin lè dé bó bá nà án sókè. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń fi ẹlẹ́bọ́tọ màlúù àti erùpẹ̀ kíkúnná rẹ́ ilẹ̀ àti ara ògiri, wọ́n á sì tún un rẹ́ nígbàkígbà tó bá ń ṣí. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sí iná tí ẹnikẹ́ni dá láti fi sun ohunkóhun. Oòrùn ló ń ṣe é, kò sì sí ohun tí wọ́n lò tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè rìn dé ibi tó wà kó tó di ọ̀sán.

Ọgbọ́n tó gba ògiri yìí lọ́wọ́ òjò wà lórí, nínú òrùlé. Òrùlé náà ga, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sílẹ̀, etí rẹ̀ sì yọ kọjá ògiri débi pé ọ̀ṣọ̀ọ́rọ̀ ń kán síta, jìnnà sí ẹsẹ̀ ilé. Abẹ́ etí òrùlé náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń gbàlejò, tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, tí àgbà ti ń parí ìjà. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, bẹẹrẹ tàbí ẹ̀kan ni wọ́n fi ń bolé; ní ilẹ̀ igbó tí koríko gígùn ti ṣọ̀wọ́n, ewé gbòdògì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni. Ní Ifẹ̀, Èkìtì àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àkòdì wà tí òrùlé ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń da omi òjò sí ojúde kékeré tó wà láàárín, tí wọ́n á sì gbe omi náà sínú ìkòkò. A lè bá yàrá inú ilé wọ̀nyí wí pé wọ́n ṣókùnkùn, fèrèsé kò tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi oorun àti ibi ẹrù ni yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni ibi ìgbé ayé. Ògiri tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gbóná lọ́sàn-án, koríko orí ilé kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé, ilé sì ń tutù láìsí ẹ̀rọ kankan.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé ọba àti mẹ̀kúnnù lo amọ̀ kan náà. Wọ́n kò fi ohun ìkọ́lé dá ipò mọ̀, bí wọ́n ṣe ṣètò ilé ni wọ́n fi dá a mọ̀. Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, a rí i pé kọ̀bì, ìyẹn òrùlé ṣóńṣó tó yọ síwájú ilé, jẹ́ ẹ̀tọ́ ọba. Ará ìlú kò gbọdọ̀ ṣe é. Ààfin ní àgbàlá púpọ̀, ilé mẹ̀kúnnù ní ẹyọ kan. Ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914 dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ bíi ti ilé àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn ààfin. Nítorí náà, èrò pé ilé alámọ̀ jẹ́ ilé òtòṣì kò tíì pẹ́ láyé. Ẹ̀yìn ìgbà tí ohun ìkọ́lé di ohun tí à ń fi owó rà ni wọ́n bí i.

Iṣẹ́ ilé mímọ tó pọ̀ tó báyìí kò ṣeé dá ṣe. Nínú àáró, àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ á máa yí iṣẹ́ ara wọn ká, òní lọ́dọ̀ lágbájá, ọ̀la lọ́dọ̀ tàmẹ̀dù, ẹni tí wọ́n bá bá ṣe sì ti jẹ gbèsè ọjọ́ kan náà. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀: ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá á bẹ ará àti ọ̀rẹ́, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ sọ́nà a máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀, ì báà jẹ́ oko ríro, ì báà jẹ́ ògiri mímọ tàbí ilé bíbò. Ìyẹn ni pé ètò ìgbéyàwó gan-an wà lára ohun tó ń gbé òrùlé dúró. Ní ti ìjọba, ọdún Bẹẹrẹ ni àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ. Lọ́dọọdún ni àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ń gbé koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin, kí wọ́n tó fi iná sí ìgbẹ́. Koríko náà jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀, ó sì jẹ́ ìkànìyàn: ìlú tí kò bá gbé tirẹ̀ wá ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí òrùlé ààfin bá ń jò, Aláàfin ti mọ ibi tí ìjọba rẹ̀ ti ń jò.

Òwe kan fi èyí hàn ju ìwé lọ: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A sábà máa ń fi í tu ẹni tó pàdánù ohun kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà á bí ẹ̀rí ìtàn. Ó gbà pé ilé ọba lè jó, nítorí koríko ni orí rẹ̀. Ó tún gbà pé bó bá jó, ọwọ́ tí yóò tún un kọ́ wà nílẹ̀, wọ́n pọ̀, wọn yóò sì wá. Òwe náà kò sì sọ pé ilé ẹnikẹ́ni tó jó ni ẹwà ń bù sí. Ọba ló dárúkọ, ẹni tí àṣẹ rẹ̀ ń kó ènìyàn jọ. Ìwọ̀n ọwọ́ tí ènìyàn lè pè ni ìwọ̀n agbára ilé rẹ̀.

Nígbà tí ilé alámọ̀ bá sì parí iṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ló ń padà sí. Àlàpà lásán ló ń kù, wọ́n á sì tún wa erùpẹ̀ rẹ̀ pò láti fi mọ ilé tuntun, tàbí kí wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sí i. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro fún àwọn awalẹ̀pìtàn láti rí ògiri ilé Ifẹ̀ àtijọ́, nígbà tí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ṣì wà ní mímọ́. Láàárín nǹkan bí 1000 sí 1400 ni wọ́n to àwọn àpáàdì náà, tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ wọn gúnlẹ̀ ní ìlà ìlà, tí wọ́n sì fi òkúta funfun ṣe ọnà sí ibòmíràn. Ìtàn ẹnu so iṣẹ́ yìí mọ́ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Frank Willett hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìta Yemòó ní ìparí àwọn ọdún 1950, Peter Garlake sì rí i ní ilẹ̀ Ọbalára ní 1971 sí 1972. Ohun tí à ń rí níbẹ̀ ni ìlú kan tó mú ìkòkò fífọ́ tí kò wúlò fún obìnrin kankan mọ́, tó fi tẹ́ àgbàlá kí òjò má baà wa ilẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ nípa àtúnlò tí àwọn ayàwòrán ilé ń kà lónìí kò ju èyí lọ.

Páànù ni àdéhùn amọ̀ àti ọwọ́ yìí kọ́kọ́ bá pàdé. Mi ò ní bú páànù. Iná a máa jó Èkó léraléra ní ọ̀rúndún 19, àwọn tó ń gbé níbẹ̀ sì ní ìdí tó dára láti kórìíra òrùlé koríko. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù wúwo ráyè wọ àárín ilẹ̀, nígbà tí kòkó sì di owó, àgbẹ̀ tó rí èrè kọ́kọ́ ń ra páànù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iye páànù tó wà lórí ilé fi jẹ́ ìwọ̀n ọrọ̀ ní abúlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun méjì tó bá a wọlé. Èkíní, òrùlé tí kò béèrè iṣẹ́ lọ́dọọdún kò nílò ọ̀wẹ̀ ọdọọdún. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá pé jọ ti wà nílé ìwé, tàbí ní Èkó níbi iṣẹ́ owó, ìdílé ọmọge sì ti ń gba owó dípò iṣẹ́ ọwọ́ àna. Èkejì jẹ́ ti ìṣètò ilé. Koríko kò ní iye, etí òrùlé lè yọ dé ibi tó bá wù ọ̀mọlé. Páànù ní iye, gbogbo ìṣísẹ̀ tó bá yọ kọjá ògiri jẹ́ owó. Nítorí náà, etí òrùlé kúrú lórí ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀ṣọ̀ọ́rọ̀ súnmọ́ ẹsẹ̀ ògiri, omi ń ta sí i lára, ó ń jẹ ẹ́. Àwọn ènìyàn wo ẹsẹ̀ ògiri tó ń ṣí, wọ́n ní amọ̀ kò lágbára. Bẹ́ẹ̀ òrùlé tó yẹ kó dáàbò bo amọ̀ ni wọ́n ti gé kúrú.

Àtakò kan wà tó yẹ kí n dáhùn níbí, pé bó ti wù kó rí, amọ̀ kò lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún 19 ni wọ́n mú irú ilé yẹn gbilẹ̀. João Baptista da Costa wà lára àwọn oníṣẹ́ ọnà wọn. Òun ló kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ní Èkó, wọ́n lo bíríkì, ṣùgbọ́n nígbà tí àṣà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà wọ Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Iléṣà, amọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọlé fi mọ ọ́n. Wọ́n mú ògiri ìsàlẹ̀ nípọn, wọ́n fi igi líle gbé àjà, wọ́n sì fi ọnà sìmẹ́ńtì ṣe ojú fèrèsé lẹ́ṣọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú wọn ṣì dúró, àwọn ọmọ ọmọ ẹni tó kọ́ ọ sì ń gbé inú rẹ̀. Ilé àwọn Àgùdà gan-an kò rí irú oríire yẹn ní gbogbo ìgbà: Ilọ́jọ̀ Bar ní Èkó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ènìyàn ló wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016.

Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1960, ọdún òmìnira, ó sì bọ́gbọ́n mu pé orílẹ̀-èdè tuntun fẹ́ ojú tuntun. Ilé Cocoa ní Ìbàdàn, alájà 26, parí ní 1965. Kò sí amọ̀ tó lè gùn dé ibẹ̀, mi ò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn di ìwàǹwára. Ní 1975, lásìkò ìjọba Gowon, Nàìjíríà ti ra nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì láti òkè òkun, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sórí òkun fún ọ̀pọ̀ oṣù, òmíràn nínú ẹrù wọn sì dì gbagidi nínú ọkọ̀ kó tó dé ilẹ̀. Àbúkù mìíràn wà tí ojú kò tètè rí. Láti ṣe sìmẹ́ńtì, a gbọ́dọ̀ sun òkúta ẹfun nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ bó ṣe ń jóná. Nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run ló ń ti ibi sìmẹ́ńtì wá.

Àwọn tí kò lè wó ilé bàbá wọn kí wọ́n tún un kọ́ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀. Ó jọ àbójútó, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó ń pa ilé wọ̀nyí. Ọ̀rinrin máa ń ti ilẹ̀ gòkè sínú ògiri amọ̀, ó sì máa ń gba ojú ògiri jáde bó bá rí àyè. Sìmẹ́ńtì dí àyè náà. Omi á kó sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á rọ̀ níbi tí ojú kò dé, títí ọjọ́ tí sìmẹ́ńtì á fi ṣí tòun ti apá kan ògiri. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, ni àwọn àgbà wí. Ara ògiri amọ̀ tó ṣí sílẹ̀ máa ń fi ẹnu tó là hàn kíá, kí wọ́n lè dí i. Èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ń là lábẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ohun tí mo ń wí yìí gan-an ni ó dá sìmẹ́ńtì láre: bí àáró àti ọ̀wẹ̀ bá ti lọ, tí àwọn ènìyàn ìlú kò sì ráyè, ó yẹ ká kọ́ ilé tí kò béèrè ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àtakò tó lágbára jù nìyẹn, kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìdáhùn mi ni pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí. Irin inú kọnkéré ń dípẹtà bí omi bá wọ̀ ọ́, pàápàá nítòsí òkun, ó sì ń wú títí kọnkéré fi là. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní 40, kì í ṣe amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kọnkéré béèrè àbójútó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ wò, ó tún béèrè rẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀tàn ni pé ó lè fi ogún ọdún tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ bo àìbójútó mọ́lẹ̀. Amọ̀ ń sọ ọ́ síta ní òjò kan ṣoṣo.

Àwọn tó ti gbìyànjú láti tún àdéhùn náà ṣe wà, iṣẹ́ wọn sì yẹ fún àyẹ̀wò ju ariwo lọ. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n yàwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn láti òpin àwọn ọdún 1940, lo kọnkéré, ṣùgbọ́n wọ́n tún ọgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣàwárí: ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń la já, àti ojú ògiri oníhò tó ń dá oòrùn dúró. Demas Nwoko, tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lọ jìnnà jù wọ́n lọ. Ó po ilẹ̀pa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó pè é ní latcrete, ó sì jẹ́ kí àwọ̀ ilẹ̀ náà hàn lára ògiri. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣe fún àwọn Dominican ní Ìbàdàn wà lára iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ní 2023, àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, NBRRI, ṣe búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa tí sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọ̀kan ń wọ inú èkejì láìsí sìmẹ́ńtì púpọ̀ láàárín wọn. Ọgbọ́n inú ìwọ̀nyí ni pé wọ́n fi ìwọ̀nba sìmẹ́ńtì rọ́pò apá kan iṣẹ́ tí ọ̀wẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbà pé ọwọ́ ti dínkù, wọ́n sì ṣe amọ̀ tí ọwọ́ díẹ̀ tó fún.

Ẹ̀gbẹ́ kejì, ti àwọn tó tún ń pe ọ̀pọ̀ ọwọ́ jọ, ni ayàwòrán ilé Francis Kéré dúró sí, ní abúlé rẹ̀ Gando ní Burkina Faso. Ilé ìwé tó parí níbẹ̀ ní 2001 wà lára iṣẹ́ tó jẹ́ kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker ní 2022. Gbogbo ènìyàn ń yin búlọ́ọ̀kù amọ̀ rẹ̀ àti òrùlé páànù tó gbé sókè kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè gba àárín. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé etí páànù náà yọ jáde gan-an, ọ̀ṣọ̀ọ́rọ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri, àti pé àwọn ará abúlé ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, tí àwọn obìnrin lu ilẹ̀ ilé títí tó fi dán. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ níbẹ̀ lónìí, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ṣe é ń gbé nítòsí.

Ohun tó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé amọ̀ ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta nìyí, kó tó sọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù: báwo ni etí òrùlé rẹ ṣe yọ tó? Ta ni bíríkìlà tó mọ ilẹ̀pa pò ní àdúgbò rẹ, ṣé ó sì ní ọmọ iṣẹ́? Ta ni yóò san owó rírẹ́ ògiri lẹ́yìn òjò, inú owó wo ni yóò sì ti wá? Àwọn agbo ilé amọ̀ tó ṣì kù ní Ìbàdàn, tí sìmẹ́ńtì bò lára, ni ibi tó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. A lè hó sìmẹ́ńtì ẹsẹ̀ ògiri wọn kúrò ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí a jẹ́ kí amọ̀ mí títí yóò fi gbẹ, kí a fi ilẹ̀pa rẹ́ ẹ, kí a sì fi páànù kan kún etí òrùlé yíká, kó tó di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀.